Ta ló máa jáde dupò ààrẹ Amẹ́ríkà ní 2028? Ẹ fi ẹnu wọn sílẹ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ wọn

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń to orúkọ sílẹ̀ fún wa pé àwọn wọ̀nyí ló máa kópa nínú ìdìbò abẹ́nú ẹgbẹ́ Democrat ní 2028. Newsom lónìí, Harris lọ́la, lọ́túnla Shapiro, Pritzker, Buttigieg, Wes Moore, Ocasio-Cortez. Bí akọ̀ròyìn bá bi wọ́n, ọ̀kan á ní òun ò tíì rò ó, èkejì á ní iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ òun lòun gbájú mọ́, ẹ̀kẹta á ní òun ò díje. Èwo ni ká gbà gbọ́? Kí lojú lè rí téèyàn fi máa sọ pé lágbájá ń bọ̀ lóòótọ́, tàmẹ̀dò ò ní jáde? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ẹni tí ẹ fẹ́ràn fún mi. Ohun tó ṣeé fojú rí ni mo ń bèèrè.

---

Bàbá Akọ̀wé, Maryland

Ẹ kú ìbéèrè, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó dè wọ́n lẹ́nu, nítorí òfin ni, kì í ṣe ìtìjú.

Òfin owó ìdìbò ìjọba àpapọ̀ sọ pé ọjọ́ tí owó tẹ́nì kan gbà tàbí tó ná láti fi dupò bá ti kọjá $5,000, ó ti di olùdíje, ì báà kéde, ì báà má kéde. Láti ọjọ́ yẹn, ó ní ọjọ́ 15 láti fi Fọ́ọ̀mù 2 ránṣẹ́ sí FEC, ìyẹn àjọ tó ń ṣọ́ owó ìdìbò. Inú fọ́ọ̀mù yẹn ló ti máa dárúkọ ìgbìmọ̀ tó máa gbowó fún un. Ìgbìmọ̀ náà ní ọjọ́ 10 láti fi Fọ́ọ̀mù 1 tirẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ akápò àti báńkì wọn. Bí kò bá sí akápò, wọn ò gbọdọ̀ gbowó, wọn ò sì gbọdọ̀ náwó.

Àmọ́ òfin fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ kan tọ́ odò wò. Ó lè sanwó fún ìwádìí èrò aráàlú, ó lè rìnrìn àjò, ó lè máa pe àwọn olówó lórí fóònù, kó má sì tíì di olùdíje. Iye tí ẹnì kan lè fún un ṣì ní ààlà bí ẹni pé ó ti jáde, ó sì gbọ́dọ̀ pa ìwé owó náà mọ́, nítorí ọjọ́ tó bá jáde ni gbogbo rẹ̀ máa di ohun tó ní láti fi han FEC. Nǹkan tó máa ń ba àyè yìí jẹ́ ni kó pe ara rẹ̀ ní olùdíje ní gbangba, kó gbé ìpolówó jáde pé òun ń bọ̀, kó kó owó jọ ju èyí tí ìwádìí lásán nílò lọ, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ ètò àtiwọ inú ìwé ìdìbò ní ìpínlẹ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí "mi ò tíì pinnu" kì í fi í kúrò lẹ́nu wọn. Lọ́yà ló kọ́ wọn ní gbólóhùn yẹn.

Èrè sì wà nínú pípẹ́ kéde. Ẹ rántí Jeb Bush ní 2015. Ẹgbẹ́ olówó tí wọ́n ń pè ní Super PAC lè gba iye tó bá wù wọ́n lọ́wọ́ ẹnì kan, àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ bá olùdíje gbìmọ̀ pọ̀. Bush kò tíì kéde, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ń bá Super PAC tirẹ̀, Right to Rise, kówó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ó kéde ní 15 oṣù Kẹfà. Nígbà tí oṣù yẹn fi máa parí, owó náà ti lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là. Ó fìdí rẹmi ṣá o: ní 20 oṣù Kejì 2016 ló jáwọ́, pẹ̀lú aṣojú mẹ́rin péré, ìyẹn àwọn tó ń lọ yan olùdíje ní ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́.

---

Ọmọ Ìbàdàn, Chicago

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo gbà pé ẹni tó ní òun ò tíì pinnu, a ò lè yọ ọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ti là á mọ́lẹ̀ pé òun ò díje, ṣé kò yẹ ká yọ orúkọ rẹ̀? Moore, gómìnà ti Maryland níbẹ̀ yẹn, ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

---

Bàbá Akọ̀wé, Maryland

Ẹ má tíì yọ ọ́. Èdè wa gan-an jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé èèyàn. "Mi ò díje" yàtọ̀ sí "mi ò ní díje." Òní ni ti àkọ́kọ́, ọ̀la ni ti èkejì. Bí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn olóṣèlú wọ̀nyí ń sọ, ti òní ni wọ́n máa ń sọ, akọ̀ròyìn á wá kọ ọ́ bíi ti ọ̀la.

Kódà, ẹni tó sọ ti ọ̀la náà máa ń yí i padà. Ní oṣù Kìíní 2006, wọ́n bi Obama lórí tẹlifíṣọ̀n bóyá ó máa dupò ní 2008, ó ní rárá. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ó ní òun ti ń rò ó. Ní 10 oṣù Kejì 2007, ó dúró ní Springfield, ní Illinois, ó kéde. Nikki Haley sọ ní oṣù Kẹrin 2021 pé bí Trump bá jáde, òun ò ní jáde. Trump jáde ní 15 oṣù Kọkànlá 2022. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Haley fi jáde. Bloomberg, olówó bílíọ̀nù ará New York, ní òun ò ṣe ní oṣù Kẹta 2019, ó sì wọlé ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn.

"Rárá" tó jẹ́ rárá kì í fi ihò kankan sílẹ̀. Sherman, ọ̀gágun ogun abẹ́lé wọn, ló sọ irú ẹ̀ ní 1884: bí wọ́n bá fa òun kalẹ̀, òun ò ní gbà, bí wọ́n bá dìbò yan òun, òun ò ní ṣe é. Títí dòní, ìyẹn ni wọ́n fi ń wọn gbogbo "rárá" tó kù. Lóde òní, àmì tí mo máa ń wò ni pé kí èèyàn náà tú àwọn òṣìṣẹ́ àti olówó rẹ̀ sílẹ̀ láti bá ẹlòmíì lọ, tàbí kó gba ẹrù mìíràn tí kò ní jẹ́ kó ráyè.

Ẹ yí i padà wò. Ẹni tó kọ ẹrù kékeré ńkọ́? Ní oṣù Kẹta 2025, Buttigieg ní òun ò ní du ipò sẹ́nétọ̀ tàbí gómìnà ní Michigan. Ní oṣù Keje, Harris ní òun ò ní du ipò gómìnà California. Ẹni tó bá di gómìnà California nínú ìdìbò 2026, oṣù Kìíní 2027 ló máa gorí àlééfà, àsìkò gan-an tí àwọn adupò ààrẹ máa ń kéde. Èèyàn ò lè búra síbí lónìí kó jáde lọ lọ́la sí Iowa, ìpínlẹ̀ tí àwọn adupò ààrẹ máa ń tètè lọ polongo. Kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ kò fi dandan hàn pé wọ́n ń bọ̀, àmọ́ ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

---

Ọmọ Ẹ̀gbá, New York

Ẹ fi òfin àti gírámà sílẹ̀ díẹ̀. Owó ni olórí ọ̀rọ̀. Ta ló lówó nílẹ̀?

---

Bàbá Akọ̀wé, Maryland

Ọmọ Ẹ̀gbá sọ òótọ́, àmọ́ owó ní ẹ̀yà, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ ti máa ń ṣi ìṣirò.

Sẹ́nétọ̀ tàbí aṣojú-ṣòfin tó bá ní owó ìpolongo nílẹ̀ lè kó gbogbo rẹ̀ sínú ìpolongo ààrẹ, torí pé abẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ kan náà ni méjèèjì wà. Elizabeth Warren ṣe é ní 2019. Ó lé ní mílíọ̀nù 10 dọ́là. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé Booker tàbí Ocasio-Cortez ń kówó jọ ju bí ìdìbò ìpínlẹ̀ wọn ṣe nílò lọ, ẹ fọkàn sí i. Gómìnà kò ní àǹfààní yẹn. Owó tí Shapiro gbà láti fi dupò gómìnà Pennsylvania wà lábẹ́ òfin Pennsylvania, àwọn òfin yẹn gba iye tí òfin àpapọ̀ kò gbà, nítorí náà kò gbọdọ̀ kó o wọ inú àpò ìpolongo ààrẹ. Ó máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bẹ́ẹ̀ náà ni Newsom ti California, Moore, Beshear ti Kentucky àti Whitmer ti Michigan.

Ohun tí gómìnà lè kó lọ ni orúkọ àti àdírẹ́sì ímeèlì àwọn tó ń fún un lówó kéékèèké. Ní 2025, nígbà tí Newsom ń polongo Prop 50, àbá láti tún àgbègbè ìdìbò California pín, tó wọlé ní 4 oṣù Kọkànlá, láti gbogbo Amẹ́ríkà ni àwọn èèyàn ti fi dọ́là kéékèèké ránṣẹ́. Sí mi, ìwé orúkọ yẹn níye lórí ju owó náà fúnra rẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó fi $10 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣeé padà lọ bá nígbà ogún.

Pritzker yàtọ̀. Olówó bílíọ̀nù ni láti ìdílé tó ni ilé ìtura Hyatt, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ sì ti sọ láti 1976 pé kò sí ààlà lórí owó ara ẹni téèyàn fi ń polongo. Ẹ má sì rò pé ìyẹn ti parí ẹjọ́. Bloomberg ná ju bílíọ̀nù kan dọ́là owó tirẹ̀ lọ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta àbọ̀. American Samoa nìkan ló mú.

Ẹ máa wo àpò kan sí i, èyí tí àwọn olóṣèlú máa ń dá sílẹ̀ láti fi ran ẹlòmíì lọ́wọ́. Ẹnì kan lè fi $5,000 sínú rẹ̀ lọ́dún. Wọn ò gbọdọ̀ fi du ipò tiwọn, àmọ́ wọ́n lè fi rìnrìn àjò, wọ́n lè fi san owó òṣìṣẹ́, wọ́n sì lè fi ta olùdíje kéékèèké lọ́rẹ. Bí ẹ bá rí gómìnà láti ìwọ̀-oòrùn tó ń fi irú àpò bẹ́ẹ̀ ran ẹni tó ń du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀ ní South Carolina lọ́wọ́, kì í ṣe àánú ló ń ṣe é.

---

Ọmọ Ìbàdàn, Chicago

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ eléyìí tán. Ìwádìí èrò aráàlú ti fi hàn. Newsom tàbí Harris, tàbí Buttigieg, ló ń ṣíwájú nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò bá tó 3% báyìí, kí ló tún ń wá kiri? Wọ́n kàn ń fi àkókò ṣòfò.

---

Bàbá Akọ̀wé, Maryland

Ohun tí ìwádìí kùtùkùtù máa ń wọ̀n ni ẹni tí aráàlú mọ orúkọ rẹ̀. Giuliani ló ṣíwájú láàárín àwọn Republican fún èyí tó pọ̀ jù nínú 2007. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ sí Florida, ó ṣe ìkẹta níbẹ̀, ó lọ sílé láìní aṣojú kankan. Hillary Clinton ló ṣíwájú láàárín àwọn Democrat ní ọdún yẹn kan náà. Obama ló mú un. Biden ló ṣíwájú ní 2019, òun náà ló mú un. Nínú mẹ́ta, ọ̀kan ló bọ́ sí i. Èèyàn ò lè fi ìyẹn pinnu.

Ohun tí 3% lè ba jẹ́ fún ẹni tó ní in ni àyè lórí pèpéle ìjíròrò. Fún ti àkọ́kọ́ ní Miami ní 2019, ẹgbẹ́ Democrat ní kí olùdíje ní 1% nínú ìwádìí mẹ́ta, tàbí kó ní olùfowósílẹ̀ 65,000, tí 200 ó kéré tán sì wá láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ogún ìpínlẹ̀. Ogún olùdíje ló yege, wọ́n pín wọn sí alẹ́ méjì. Ìdí nìyẹn tí ímeèlì fi ń wọlé nígbà náà pé "ẹ fún wa ní dọ́là kan péré." Orí ni wọ́n ń kà.

Ibi tí èrò pọ̀ sí ti máa ń dà rú ni òfin 15%. Nínú ìdìbò abẹ́nú Democrat, ẹni tí kò bá ní 15% ìbò nínú ìpínlẹ̀ kò ní aṣojú kankan níbẹ̀, ìbò rẹ̀ kò sì wúlò nínú ìpín. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní àgbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká fi aṣojú 50 ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnì kan ní 40%, ẹnì kejì 25%, ẹnì kẹta 16%, àwọn mẹ́rin mìíràn pín 19% tó kù. Àwọn mẹ́rin yẹn ò gba nǹkan kan. Àárín 81% tó yege ni wọ́n máa pín 50 sí: 25, 15, 10. Ẹni tó ní ìbò 40% ti gba ìdajì aṣojú. Bí olùdíje bá ṣe pọ̀ tó ni ẹni tó wà lókè ṣe ń jèrè tó, ìdí sì nìyẹn tí àwọn alágbára nínú ẹgbẹ́ fi ń bẹ àwọn tó wà nísàlẹ̀ pé kí wọ́n tètè kúrò. Ẹni tí wọ́n bá ń pariwo orúkọ rẹ̀ lónìí láti fi kún iye, ẹ bèèrè ta ló máa jàǹfààní bó bá wọlé.

---

Ìyá Ìbejì, Houston

Èyí yé mi dáadáa. Ẹ ṣe àlàyé South Carolina tí ẹ ń dárúkọ yẹn. Kí ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀?

---

Bàbá Akọ̀wé, Maryland

Wọ́n ń wá ìbò àwọn aláwọ̀ dúdú, Ìyá Ìbejì. Wọ́n lé ní ìdajì nínú àwọn tó ń dìbò abẹ́nú Democrat níbẹ̀. Ní 2020, Biden ti pàdánù Iowa, New Hampshire àti Nevada. Ní 26 oṣù Kejì, Jim Clyburn, aṣojú-ṣòfin wọn níbẹ̀, kéde pé Biden lòun ń tì lẹ́yìn. Ní 29, Biden mú ìpínlẹ̀ náà pẹ̀lú nǹkan bí ìdajì gbogbo ìbò. Ní ọjọ́ kejì Buttigieg jáwọ́, ní ọ̀túnla Klobuchar jáwọ́. Nígbà tó di 3 oṣù Kẹta tí ìpínlẹ̀ 14 dìbò pa pọ̀, Biden mú mẹ́wàá. Ọjọ́ mẹ́rin ni gbogbo ọ̀rọ̀ fi yí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ́ gbé South Carolina síwájú fún 2024: 3 oṣù Kejì. New Hampshire kọ̀, nítorí òfin ìpínlẹ̀ wọn ní àwọn ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, ó kéré tán pẹ̀lú ọjọ́ méje. Wọ́n dìbò tiwọn ní 23 oṣù Kìíní láìgba àṣẹ ẹgbẹ́. Orúkọ Biden kò sí nínú ìwé ìdìbò. Àwọn olùdìbò fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì wọlé bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ òfin ẹgbẹ́ ló ń tún ètò yìí tò ṣáájú ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá gbé ìpínlẹ̀ kan síwájú, ẹni tó ti gbin irúgbìn síbẹ̀ ló máa kórè.

Ẹ wá wo ẹsẹ̀ wọn ní 2025. Pritzker sọ̀rọ̀ ní New Hampshire ní oṣù Kẹrin. Buttigieg lọ sí Cedar Rapids, ní Iowa, ní oṣù Karùn-ún. Moore jẹ́ àlejò pàtàkì níbi àsè ẹgbẹ́ ní South Carolina ní oṣù Karùn-ún kan náà. Newsom àti Beshear wà níbẹ̀ ní oṣù Keje. Illinois ni Pritzker ti jẹ gómìnà. Kò sí ohun tí gómìnà Illinois ń ṣe lórí àga àlejò ní New Hampshire bí kò bá ní ohun tó ń wá.

---

Ọmọ Ẹ̀gbá, New York

Moore tó ní òun ò díje náà lọ sí South Carolina?

---

Bàbá Akọ̀wé, Maryland

Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mo ń sọ nìyẹn.

---

Ọmọ Ìbàdàn, Chicago

Ó dáa, mo ti gbọ́ ti ẹsẹ̀. Àmọ́ ìrìn àjò kì í sọ ẹ̀dá di olùdíje. Ẹ̀gbọ́n Cuomo ńkọ́?

---

Bàbá Akọ̀wé, Maryland

Ọmọ Ìbàdàn, o mọ ìtàn. Bàbá Cuomo ni, Mario, gómìnà New York. Ní 20 oṣù Kejìlá 1991, ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ New Hampshire máa tì, bàálù ti dúró dè é ní Albany láti gbé e lọ fi orúkọ sílẹ̀. Ó jáde, ó ní ọ̀rọ̀ ìnáwó ìpínlẹ̀ òun kò tíì yanjú, òun ò lọ mọ́. Bill Clinton ló padà di ààrẹ. Nítorí náà mo gbà: títí ìwé fi máa dé ọ́fíìsì, kò sí ohun tó parí.

Ìwé náà ni ká wá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó ń ṣeré ti máa ń yà kúrò lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́. New Hampshire rọrùn: $1,000, fọ́ọ̀mù kan, kò sí ìbuwọ́lùwé kankan. Ìdí nìyẹn tí Republican 24 àti Democrat 21 fi wà nínú ìwé ìdìbò wọn ní 2024. Ẹ má ka orúkọ tó wà níbẹ̀ sí ẹ̀rí.

Virginia ni kí ẹ wò. Olùdíje gbọ́dọ̀ kó ìbuwọ́lùwé 5,000 olùdìbò jọ, ó kéré tán 200 láti àgbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan nínú 11. Ní 2012 tó jẹ́ 10,000, pẹ̀lú 400 fún àgbègbè kan, Romney àti Ron Paul nìkan ló yege. Gingrich, tó ń gbé ní Virginia fúnra rẹ̀, já. Rick Perry, gómìnà Texas, já. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ kì í pọ̀: ẹni tó buwọ́ lùwé kò forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, tàbí àdírẹ́sì tó kọ kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé ìjọba, tàbí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé àgbègbè tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí ẹni tó ń gbé ìwé kiri kò lọ búra níwájú nótárì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kì í dúró ní 5,000. Ó máa ń wá ìlọ́po kan àbọ̀ tàbí méjì. Òtútù ni wọ́n sì fi ń kó o, ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdìbò oṣù Kọkànlá àti ní ọjà. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan ti gba ọ̀gá àgbègbè sí Virginia nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 2027, ó ti jáde nìyẹn, ohun yòówù kó máa sọ lórí tẹlifíṣọ̀n.

---

Ọmọ Ẹ̀gbá, New York

Kí ẹnì kan fẹnu ba ti Republican. Ṣé Vance, igbákejì ààrẹ, ti gbà á tán ni?

---

Bàbá Akọ̀wé, Maryland

Trump kò lè díje mọ́. Àtúnṣe kejìlélógún òfin orílẹ̀-èdè wọn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, kò gbà kí wọ́n dìbò yan ẹnì kan ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Igbákejì ààrẹ tó wà lórí àga sì lágbára. Láti 1960, gbogbo èyí tó wá tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ rẹ̀ ló rí i gbà: Nixon, Humphrey, Bush àgbà, Gore, Harris. Nínú márùn-ún yẹn, Bush nìkan ló wọlé. Láti oṣù Kẹta 2025, Vance ni alága ètò ìṣúná ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ẹgbẹ́ Republican, ìyẹn ni pé àwọn olówó ńlá ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ó kéde ohunkóhun. Òfin ìpín aṣojú wọn tún le ju ti Democrat lọ. Láti 15 oṣù Kẹta, ìpínlẹ̀ lè fi gbogbo aṣojú fún ẹni tó bá ṣíwájú, ì báà jẹ́ pẹ̀lú 35%. Ẹni tó bá fẹ́ bá a dù ú gbọ́dọ̀ tètè jáde, kó má sì pọ̀ ju ẹnì kan tàbí méjì lọ.

---

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan jáde látinú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wa. Wọ́n fẹ́ dá owó jọ níbi ìpàdé, kí akápò fi káàdì rẹ̀ san án lápapọ̀ fún ẹni tí a bá fẹ́. Ṣé kò léwu?

---

Bàbá Akọ̀wé, Maryland

Ẹ dá wọn dúró kíákíá, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lábẹ́ òfin. Bí èèyàn 30 bá dá $50 jọ, tí akápò fi $1,500 ránṣẹ́ ní orúkọ ara rẹ̀, wọ́n ti fi owó ẹlòmíì sílẹ̀ lórúkọ ẹni tí kò ni ín. Bí a ṣe ń dá owó ìnáwó nílé kò bá òfin ibí mu rárá. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi káàdì tirẹ̀ san tirẹ̀, kó kọ orúkọ, àdírẹ́sì, iṣẹ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́. Bí gbogbo ohun tó fi sílẹ̀ bá ti kọjá $200, orúkọ rẹ̀ máa hàn ní ojúde lórí ìkànnì FEC. Kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó san án. Ààlà ìdìbò kọ̀ọ̀kan fún 2025 sí 2026 jẹ́ $3,500, wọ́n máa ń tún un ṣe ní ọdún tí kò ṣeé pín sí méjì. Kẹ́ṣì kò gbọdọ̀ kọjá $100.

Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní green card nìkan ló lè san. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà iṣẹ́ kò lè san, ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn kò lè fi náírà rẹ̀ kún un. Owó ilé-iṣẹ́ kò wọ inú àpò olùdíje. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ bíi ẹgbẹ́ àánú tí kò ń san owó orí kò gbọdọ̀ fi owó ẹgbẹ́ ti olùdíje lẹ́yìn.

---

Ọmọ Ìbàdàn, Chicago

Kí n fi kún un nípa ìbò fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn ará wa máa ń dé ibẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Ní Texas, Georgia, Virginia àti Illinois níbí, ẹ ò ní láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kankan. Ẹ máa bèèrè ìwé ìdìbò ẹgbẹ́ kan lọ́jọ́ náà ni. Ní Maryland, Pennsylvania, New York àti Florida, bí orúkọ yín kò bá sí lábẹ́ ẹgbẹ́ yẹn kí ìforúkọsílẹ̀ tó tì, wọ́n á dá yín padà. New York ló le jù: ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ kan tó fẹ́ bọ́ sí èkejì gbọ́dọ̀ ṣe é kó tó kọjá 14 oṣù Kejì. Texas ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹta, tó bọ́ sí 7 ní 2028. Ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú rẹ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ ń tì.

---

Ìyá Ìbejì, Houston

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá Akọ̀wé, ẹ padà sí ìbéèrè mi. Nínú gbogbo ohun tí ẹ wò, àwọn wo ló ń bọ̀?

---

Bàbá Akọ̀wé, Maryland

Mo máa sọ tèmi. Newsom ń bọ̀: sáà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi gómìnà parí ní oṣù Kìíní 2027, ìwé orúkọ àwọn tó ń fún un lówó ti tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ South Carolina. Buttigieg ń bọ̀: ó ti kọ ipò méjì, kò ní iṣẹ́ ìjọba tó dè é. Beshear ń bọ̀, àga alága ẹgbẹ́ àwọn gómìnà Democrat tó jókòó lé ní 2026 gbé e dé gbogbo ìpínlẹ̀ tó fẹ́ dé, sáà rẹ̀ ní Kentucky sì ń parí ní oṣù Kejìlá 2027. Pritzker àti Shapiro ní ìdìbò gómìnà tiwọn ní 2026, nítorí náà wọn ò lè sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni kó tó di 3 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Ẹni tó bá sọ fún olùdìbò Pennsylvania pé òun ń lọ, wọ́n á wá ẹlòmíì. Mo rí Pritzker bí ẹni tó ń bọ̀. Ti Shapiro, mo rò bẹ́ẹ̀, bí ìbò rẹ̀ nílé bá pọ̀. Harris ni mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún. Orúkọ wà, olówó wà, àmọ́ ní 2019, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èrò tó pọ̀ ní Oakland, ó sì jáwọ́ ní 3 oṣù Kejìlá kí ẹnikẹ́ni tó dìbò, torí pé owó tán. Bí kò bá gba ọ̀gá ìnáwó tó dáńtọ́, á ṣòro. Moore, mo fi sí àárín. Ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti ń ṣe gómìnà, mo fẹ́ràn bó ṣe ń ṣe é, bóyá ìfẹ́ yẹn ló ń tàn mí.

Àsìkò tí ọ̀rọ̀ máa ń tú jáde ni láti ìparí ọdún ìdìbò àárín sáà. Warren bẹ̀rẹ̀ ní 31 oṣù Kejìlá 2018, Harris ní 21 oṣù Kìíní 2019, Booker ní 1 oṣù Kejì, Sanders ní 19, Biden ní 25 oṣù Kẹrin. Ẹni tó bá kéde láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta 2027, ní 15 oṣù Kẹrin ni ìròyìn owó rẹ̀ àkọ́kọ́ máa dé ọ̀dọ̀ FEC. Ẹ lọ sí ìkànnì wọn, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀. Ẹ má dúró lórí iye tó gbà. Ẹ lọ sí apá ibi tó náwó sí, ẹ wo bóyá owó oṣù òṣìṣẹ́ àti owó háyà ọ́fíìsì ní Columbia ní South Carolina, Manchester ní New Hampshire tàbí Las Vegas ní Nevada wà níbẹ̀.